Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ti Ń Là

Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa kò nílò ìwé kankan kó tó lè gé "Abẹ́òkúta" sí sílébù. Ẹ ní kó máa pàtẹ́wọ́ bó ṣe ń pè é: A-bẹ́-ò-kú-ta. Àtẹ́wọ́ márùn-ún, sílébù márùn-ún. Ẹ fún un ní "gbogbo", yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí etí rẹ̀ ti sọ fún un pé ìró kan ṣoṣo ni "gb", bí a tilẹ̀ fi lẹ́tà méjì kọ ọ́. Ẹ fún un ní "oròm̀bó", yóò pa á lẹ́ẹ̀mẹrin, torí "m̀" àárín yẹn ní ohùn tirẹ̀, ó sì dá dúró. Ohun tí onídùndún ń ṣe náà nìyẹn tó bá ń fi ìlù sọ̀rọ̀: ohùn sílébù kọ̀ọ̀kan ló ń lù jáde.

Ìdí tó fi rọrùn ni pé oríṣi sílébù mẹ́ta péré ni Yorùbá ní. Ó lè jẹ́ fáwẹ́lì kan ṣoṣo, bíi "ọ" nínú "ọmọ". Ó lè jẹ́ kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ́lì, bíi "mọ". Ó sì lè jẹ́ "n" tàbí "m" tó ń gba ohùn, bíi ti "oròm̀bó". Kò sí sílébù Yorùbá tó ní fáwẹ́lì tí kọ́ńsónáǹtì wá parí rẹ̀. Àní "n" tó gbẹ̀yìn "Ìbàdàn", àmì lásán ni, tó ń sọ fún wa pé ká gba imú pe fáwẹ́lì tó ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, níbikíbi tí kọ́ńsónáǹtì bá ti há sáàárín fáwẹ́lì méjì, fáwẹ́lì ẹ̀yìn ló ni ín. Òfin yìí kì í yẹ̀.

Etí tí òfin yìí kọ́ la gbé wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí a sì fi etí náà ṣe hàn gbangba nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá. "Bread" tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó di bú-rẹ́-dì lẹ́nu wa. "Glass" di gí-lá-à-sì. "Belt" di bẹ́-lí-ì-tì. A fi fáwẹ́lì sáàárín àwọn kọ́ńsónáǹtì tó ń fún ara wọn pa, kí ọ̀rọ̀ náà lè mí. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kò rí ohun tó burú nínú kí kọ́ńsónáǹtì tò jọ. Ẹ wo "strength": lẹ́tà mẹ́jọ, méje nínú wọn kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ́lì kan péré láàárín wọn. Sílébù kan ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ibi tí a lè gé e sí. Ọmọ tó ń kọ àròkọ tí ìlà bá tán mọ́ ọn lọ́wọ́, tó wá kọ "bre-" sókè, tó gbé "ad" sísàlẹ̀, etí Yorùbá rẹ̀ ló tẹ̀ lé. Olùkọ́ tó bá fi bírò pupa fa ìlà sí i láìṣàlàyé kò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Àlàyé tó yẹ kó ṣe fún un nìyí. Obì, níbi tí awẹ́ rẹ̀ bá ti là la ti ń pa á. Ẹnìkan kì í fi ọ̀bẹ gé awẹ́ kan sí méjì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ibi tó ti ń là. Iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ gé e ni kó mọ ibẹ̀.

Ìwé títẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀ràn ńlá. Oníwèé tó fẹ́ kí etí ojú ìwé rẹ̀ gún régé lápá ọ̀tún gbọ́dọ̀ máa gé ọ̀rọ̀ tó bá gùn jù fún ìlà. Bíbélì èdè Látìn tí Gutenberg tẹ̀ ní Mainz, ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1455, kún fún àwọn ìlà kéékèèké tó fì sí òpin ìlà ọ̀rọ̀ láti sọ fún òǹkàwé pé ìyókù ń bọ̀ nísàlẹ̀. Háífìn nìyẹn. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ kò yí padà láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì jiyàn gan-an lórí ibi tó yẹ kó máa dúró.

Ìbéèrè tó wà nídìí iyàn náà ni pé: kọ́ńsónáǹtì tó wà láàárín fáwẹ́lì méjì, ta ló ni ín? Lọ́dún 1740, Thomas Dilworth, olùkọ́ kan ní England, gbé ìwé jáde tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní kíkà, ìwé náà sì gbajúmọ̀ títí dé Amẹ́ríkà. Ìlànà Dilworth fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Yorùbá mu: fáwẹ́lì ẹ̀yìn ló sábà máa ń fún ní kọ́ńsónáǹtì. Bó ṣe gé "habit" ni "ha-bit", ó gé "bishop" sí "bi-shop", ó sì gé "cluster" sí "clu-ster". Lọ́dún 1783, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Noah Webster tẹ ìwé tirẹ̀ ní Hartford, ní Amẹ́ríkà, ó sì ta ko ìlànà yìí. Ó ní ọmọ tó bá rí "ha-bit" lójú ìwé yóò fa "a" yẹn gùn, yóò sì ṣi ọ̀rọ̀ náà pè. Ó ní kí a gé ọ̀rọ̀ bí ẹnu ṣe ń pè é: "hab-it", "bish-op", "clus-ter". "Nation" tí wọ́n ti ń gé sí mẹ́ta tẹ́lẹ̀, "na-ti-on", ó sọ ọ́ di méjì, "na-tion". Ìwé rẹ̀ tà ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀dà, ìran dé ìran ní Amẹ́ríkà ló sì fi kọ́ ìwé kíkà.

Ohun tí Webster gbọ́ ni òfin tí etí Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́ tuntun. Bí fáwẹ́lì tó ṣáájú bá jẹ́ èyí tí ẹnu fà gùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kọ́ńsónáǹtì sì bọ́ sẹ́yìn: "ba-by", "pa-per", "ta-ble". Bó bá kúrú, tí ohùn sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó máa ń di kọ́ńsónáǹtì náà mú: "hab-it", "tab-let". Bí kọ́ńsónáǹtì bá jẹ́ méjì, wọ́n sábà máa ń pín in, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún: "doc-tor", "win-dow", "pep-per". Ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà méjì tó jẹ́ ìró kan, bíi "th", "sh" àti "ph", a kì í yà wọ́n, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í ya "gb" wa. Ẹ wá wo bàbá àti ìyá lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú dìkíṣọ́nárì Merriam-Webster, "fa-ther" ni bàbá, "moth-er" sì ni ìyá. Lẹ́tà ìparí wọn bára mu, ṣùgbọ́n fáwẹ́lì àkọ́kọ́ gùn nínú ọ̀kan, ó kúrú nínú èkejì, ibi tí wọ́n ti là sì yàtọ̀.

Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ohùn tún lè gbé ojú gígé láti ibì kan lọ síbòmíràn nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Yorùbá tó mọ̀ pé igbá yàtọ̀ sí ìgbà, tó sì tún yàtọ̀ sí igba, kò yẹ kí èyí yà á lẹ́nu. "Record" tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ìyẹn àkọsílẹ̀, iwájú ni agbára ohùn wà: "rec-ord". Tó bá di ọ̀rọ̀-ìṣe, ìyẹn láti kọ nǹkan sílẹ̀ tàbí láti gba ohùn sílẹ̀, agbára náà sún sẹ́yìn: "re-cord". Bẹ́ẹ̀ náà ni "pres-ent" tó jẹ́ ẹ̀bùn, àti "pre-sent" tó jẹ́ pé ká gbé nǹkan kalẹ̀ níwájú ènìyàn. Ẹni tí kò bá mọ irú ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ kò lè mọ ibi tí yóò gé e sí.

Gbogbo èyí, etí ló ń ṣèdájọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ti ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀, èyí náà kò sì ṣàjèjì sí wa. Ẹ fi àtẹ́wọ́ gé "akọ̀wé": a-kọ̀-wé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bèèrè ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ óò rí "a", "kọ" àti "ìwé", tí "ì" ìwé ti wọlé lọ sára "kọ". Gígé ti etí àti gígé ti ìpìlẹ̀ kò dọ́gba. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá rí àfòmọ́ ìparí, ìpìlẹ̀ ló sábà máa ń borí. A ń pe "teacher" ní tí-ṣà, àwọn tó ni èdè kò gé e bẹ́ẹ̀: "teach-er" ni, torí "teach" ni iṣẹ́ náà, "-er" sì ni ẹni tó ń ṣe é. "Tell-ing" ni wọ́n ń kọ, nítorí "tell" ti ní "l" méjì tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n "run-ning" ni, nítorí "n" kejì kò sí nínú "run", ìgbà tí "-ing" dé ló wọlé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi méjì kọ́, oríkèé wọn la ti ń gé e: "class-room", "black-board", "pot-hole". Ẹ kíyè sí èyí tó kẹ́yìn yẹn. "T" àti "h" pàdé níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìró "th", torí ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ti wá.

Níbi tí etí àti ìpìlẹ̀ bá ti takora ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti máa ń yapa. Àwọn òǹtẹ̀wé England fẹ́ràn ìpìlẹ̀, wọ́n a gé ìmọ̀ sí "know-ledge". Amẹ́ríkà tẹ̀ lé ẹnu bí Webster ti fi kọ́ wọn, "knowl-edge" ni tiwọn. Ẹni tó bá ń kọ̀wé fún àwọn ará London kò gbọ́dọ̀ fi ti New York dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Kó mú ọ̀kan, kó sì dúró lórí rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìparí.

Àwọn òfin kan wà tí ìhà méjèèjì gbà. A kì í gé ọ̀rọ̀ onísílébù kan, bó ti wù kó gùn tó. A kì í fi lẹ́tà ẹyọ kan sílẹ̀ ní òpin ìlà, a kì í sì í gbé ẹyọ kan lọ sí ìlà tuntun; ìdí nìyẹn tí "idea" kò fi ṣeé gé rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ onísílébù mẹ́ta. Ó sì yẹ ká wo ohun tó ṣẹ́kù lójú kí ó má lọ ṣi òǹkàwé lọ́nà. "Man-slaughter" ni pípa ènìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀. Bí a bá ṣèèṣì gé e sí "mans-laughter", ó ti di ẹ̀rín ọkùnrin.

Ní báyìí, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ọgbọ́n tí wọ́n sì fi kọ́ ọ yẹ kí a kọ́ lára rẹ̀. Lọ́dún 1983, Franklin Liang kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa gé ọ̀rọ̀. Ó ṣa nǹkan bí 4,500 àkójọ lẹ́tà kéékèèké jọ láti inú dìkíṣọ́nárì kékeré tó ṣeé kì bọ àpò, ó fi nọ́ńbà sáàárín wọn: nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ń sọ pé gé e níhìn-ín, èyí tó ṣeé pín ń sọ pé má gé e, èyí tó bá sì tóbi jù ló ń borí. Ìlànà náà rí ojú gígé 89 nínú ọgọ́rùn-ún tó wà nínú dìkíṣọ́nárì yẹn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì gé rárá. Àwọn 11 tó kù, ṣe ló fi wọ́n sílẹ̀. Nínú TeX, ètò ìtẹ̀wé tí Donald Knuth ṣe, ọ̀rọ̀ 14 péré ni wọ́n kọ sọ́tọ̀ kún ìlànà Liang. "Present" àti "project" wà lára wọn, àṣẹ tó sì wà lórí wọn ni pé kí ẹ̀rọ má gé wọn rárá, torí ẹ̀rọ kò lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀-orúkọ ni tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún ẹni tó ń fọwọ́ kọ̀wé: ibi tí kò bá ti dá ọ lójú, gbé odindi ọ̀rọ̀ lọ sí ìlà tuntun.

Háífìn mìíràn wà tí kì í ṣe ti òpin ìlà. Òun ló ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ títí ayé, bíi ti "mother-in-law". Ó lè yí ìtumọ̀ padà: "resign" ni kéèyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀, "re-sign" sì ni kó tún fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé títí ayé yẹn dájú. Nígbà tí Shorter Oxford English Dictionary ẹlẹ́ẹ̀kẹfà jáde lọ́dún 2007, nǹkan bí 16,000 ọ̀rọ̀ ni wọ́n yọ háífìn wọn kúrò. "Ice-cream" pín sí ọ̀rọ̀ méjì, "bumble-bee" dà pọ̀ di ẹyọ kan. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń kọ ọ́ ni ìwé náà tẹ̀ lé.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ ìtumọ̀, nítorí ibi kan náà ni ìtumọ̀ ti ń wá: lẹ́nu àti lọ́wọ́ àwọn tó ń lo ọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá bi àgbẹ̀ pé kí ni ọkọ́, àgbẹ̀ kò ní sọ pé ohun tí a fi ń ṣe iṣẹ́ ọkọ́ ni. Yóò sọ pé irinṣẹ́ tí a fi ń ro oko, tí a fi ń kọ ebè ni. Ó ti ṣe ohun méjì tí gbogbo olùtúmọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe: ó ti dárúkọ ẹbí tí nǹkan náà wà, ìyẹn irinṣẹ́, ó sì ti sọ ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín ẹbí náà, tí a kò fi ní pè é ní àdá tàbí àáké. Ọ̀nà kan náà ni dìkíṣọ́nárì Gẹ̀ẹ́sì ń gbà.

Àmọ́ ẹ ṣí "hoe" nínú dìkíṣọ́nárì tí wọ́n ṣe ní England. Ẹ óò sábà bá a pé ó ní èèkù gígùn. Ọkọ́ ti àgbẹ̀ Yorùbá kò ní èèkù gígùn. Ẹni tó ń lò ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ìwé náà kò purọ́. Ohun tó wà nínú ọgbà wọn ló ṣàpèjúwe. Ẹni tó bá ka ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀ tí wọ́n dúró sí tí wọ́n fi kọ ọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn nílẹ̀ tirẹ̀.

Àwọn tó ṣe dìkíṣọ́nárì ńlá mọ èyí. Samuel Johnson, tí tirẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1755 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó lé ní 40,000, kó àpẹẹrẹ tó ju 100,000 jọ láti inú ìwé àwọn òǹkọ̀wé kí ó lè fi ìlò hàn. James Murray, tó di olóòtú Oxford English Dictionary lọ́dún 1879, kọ́ yàrá onípáànù fún iṣẹ́ náà, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn sì ń fi gbólóhùn tí wọ́n rí nínú ìwé ránṣẹ́ sí i lórí ìwé pélébé pélébé. Apá àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1884. Murray kú lọ́dún 1915, iṣẹ́ náà kò sì parí títí di 1928. Àwa náà ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther tẹ̀ jáde lọ́dún 1843 la fi kọ́kọ́ ní àkójọ ọ̀rọ̀ wa láti ọwọ́ ọmọ Yorùbá fúnra rẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí Johnson ṣe tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ yẹra fún. Nígbà tó ń túmọ̀ "network", ó lo àwọn ọ̀rọ̀ tó le ju "network" fúnra rẹ̀ lọ. Michael West, tó ti kọ́ àwọn ọmọ ní Bengal, rí i pé ìtumọ̀ irú èyí kò wúlò fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀. Nínú dìkíṣọ́nárì tí òun àti James Endicott gbé jáde lọ́dún 1935, ọ̀rọ̀ 1,490 péré ni wọ́n fi túmọ̀ nǹkan bí 24,000. A. S. Hornby ṣe tirẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Japan lọ́dún 1942. Oxford tún un tẹ̀ lọ́dún 1948, ìwé náà ló sì di Oxford Advanced Learner's Dictionary tó wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìwé wa lónìí.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọwọ́ ara wa túmọ̀ ọ̀kan. Ní oṣù January 2020, Oxford English Dictionary fi "tokunbo" sára ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú "danfo", "okada" àti "buka". Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n gbé wálé la ń sọ ní Tókunbọ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ orúkọ kò tó fún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ọjà. Ẹ kọ́kọ́ kó gbólóhùn jọ: mọ́tò tokunbo, fìríìjì tokunbo, táyà tokunbo. Ẹ bi ara yín pé irú ọ̀rọ̀ wo ni: ó ń ṣàpèjúwe ọjà, nítorí náà ìtumọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè jókòó síbi tí ọ̀rọ̀-àpèjúwe ń jókòó. Ẹ wá wá ohun tó yà á sọ́tọ̀. Ṣé mọ́tò tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ni tokunbo? Rárá. Ṣé mọ́tò tí ẹnìkan ti lò nílẹ̀ yìí fún ọdún mẹ́wàá ni? Rárá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àlòkù, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti lò ó kí wọ́n tó kó o wọlé. Bí a bá yọ ọ̀kan nínú méjèèjì, ìtumọ̀ náà ti jó. Ní ìparí, ẹ fi ìtumọ̀ yín rọ́pò ọ̀rọ̀ náà nínú gbólóhùn tí ẹ kó jọ. Bí gbólóhùn bá ṣì dúró, iṣẹ́ ti parí.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, nígbà tí ọmọ bá bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má kàn sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún un kí ẹ sì máa lọ. Ẹ ṣí dìkíṣọ́nárì sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí ibi tí wọ́n ti là á, kó rí bí wọ́n ṣe ń pè é, kó mọ̀ bóyá orúkọ ni tàbí ìṣe, kó ka gbogbo ìtumọ̀ tó ní, kó sì ka àpẹẹrẹ tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Ọmọ tó bá lè ṣe èyí ti mọ ọ̀rọ̀ náà.